Wọ́n fẹ́ gé lára ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èèyàn máa ń yè é?

Ọmọ Òkè-Àró:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ da ilé wa rú, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n gbọ́ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 44, pákó ló ń tà ní sọ́míìlì níbí l'Akúrẹ́, kì í mu sìgá, ọtí náà ò jọ ọ́ lójú, àfi tí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń sọ pé ibì kan ń dun òun lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ó sì ń rù, ṣòkòtò tó fún un tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń fi bẹ́líìtì so mọ́ra, gbogbo wa rò pé wàhálà iṣẹ́ ni. Màmá wa ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, wọ́n se àgbo fún un, ó mu ún mu ún kò sí àyípadà, ni ìyàwó ẹ̀ bá fi tipátipá mú un lọ ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, hepatitis B, kòkòrò kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló jáde. Wọ́n ní kó lọ ya skáànì, skáànì rí kókó kan lára ẹ̀dọ̀, wọ́n tún ní kó lọ ya CT, CT ní kókó náà tó 4.2 cm, apá ọ̀tún ló wà, ẹyọ kan ṣoṣo, kò tíì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AFP, tó sábà máa ń ga tí jẹjẹrẹ bá wà lẹ́dọ̀, náà ga gan-an. Dókítà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, àmọ́ ó ní ó ṣì wà níbi tí ọ̀bẹ lè ràn án lọ́wọ́, pé kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, ká má fi falẹ̀ rárá.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ní òun ò rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́dọ̀ tó yè rí, bàbá kan ládùúgbò wa ni wọ́n ń tọ́ka sí, ikùn bàbá yẹn ti wú rọ̀gọ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n là á, kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ tó wà l'Ékòó náà ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án ní Nàìjíríà, ká ta ilẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀dà, ká gbé e lọ Íńdíà lọ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀dọ̀ pátá. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò wá bí a ṣe ń pariwo lé e lórí.

Ìbéèrè mi ni pé tí wọ́n bá gé lára ẹ̀dọ̀, ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń hù padà? Ṣé èèyàn máa ń pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀ àbí oṣù díẹ̀ ni? Ṣé ká gé e níbí ni àbí ká lọ pààrọ̀ ẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣeré.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀:

Háà, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Èmi ò mọ̀wé dókítà o, àmọ́ ohun tí mo mọ̀ ni pé tí afẹ́fẹ́ bá ti kan jẹjẹrẹ, ó parí. Àǹtí mi kan, wọ́n ṣí ikùn wọn báyìí, ó kàn tàn ká gbogbo ara ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n là á. Ẹ fi àdúrà sí i, kẹ́ ẹ sì wá oògùn tó máa yọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ìyá ni yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn tì. Tíátà ni iṣẹ́ mi, afẹ́fẹ́ kì í tan jẹjẹrẹ. Ohun tó ń jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ lójú àwọn èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ọsibítù títí àrùn á fi gba gbogbo ibi tó fẹ́ gbà, dókítà á là á, á rí i pé kò sí ibi tí òun lè mú, á rán ibẹ̀ padà, tí ẹni yẹn bá wá kú lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ ni wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Ọmọ Òkè-Àró, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bàbá àdúgbò yín torí òun gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè ẹ. O ní ikùn wọn ti wú kí wọ́n tó là wọ́n. Omi nìyẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ wọn ti le gbagidi, àpá ti kún inú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sìróósì. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ bá ti dé ibi tí omi ń kún ikùn, tí ojú ń pọ́n, kì í fara da ọ̀bẹ, kódà kó jẹ́ họ́níà ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Wọ́n máa ń pín àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀ sí A, B, C kí wọ́n tó gbé wọn wọ tíátà. Bilirubin (ohun tó ń mú kí ojú pọ́n), albumin (èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀), bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì sí (INR), omi inú ikùn, àti bóyá ọpọlọ ẹni náà ń dàrú tàbí ó ń sùn ní ọ̀sán gangan, nǹkan márùn-ún yìí ni wọ́n ń fún ní máàkì. Àwọn ìwádìí àtijọ́ kan wà lórí àwọn tó ní sìróósì tí wọ́n là níkùn, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó wà ní A, bí mẹ́wàá ló kú, àwọn tó wà ní B bí ọgbọ̀n, àwọn tó wà ní C tó ọgọ́rin. Ọ̀bẹ kan náà o! Torí náà tí màmá bá ní wọ́n gé ẹnì kan ó kú, ẹ bi wọ́n pé irú ẹ̀dọ̀ wo ló gbé wọlé.

Ó hù padà àbí kò hù? Ó ń hù, àmọ́ kì í ṣe bí ìrù alángbá. Apá tí wọ́n gé yẹn ti lọ nìyẹn, èyí tó kù ló máa ń wú, tó máa ń fẹ̀ títí á fi tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ṣe, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Ẹ̀dọ̀ tó yá gágá, èèyàn lè gé tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ kúrò kí ẹni náà sì yè, pé kó ṣáà ṣẹ́ ku ìdá ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ tó ti ní sìróósì ni, wọ́n máa fẹ́ kí ó ṣẹ́ ku bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, torí ẹ̀dọ̀ tó ti le kì í lágbára àtihù mọ́. Ìdí nìyẹn tí CT fi ṣe pàtàkì, kì í ṣe kókó nìkan ni wọ́n fi ń wò, wọ́n fi ń díwọ̀n èyí tó máa ṣẹ́ kù.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí nínú yàrá yẹn fún ẹ, bóyá ẹ̀rù á dínkù. Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo o. Kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé, á fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ìdí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ ká, á fún un pinpin, ẹ̀dọ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú wa báyìí. Èmi á máa wo aago. Tó bá ti pé ìṣẹ́jú 15 màá pè é, "Ọ̀gá, ó ti pé o," á dáwọ́ dúró, á tú u, a ó dúró ìṣẹ́jú 5 kí ẹ̀jẹ̀ padà wọlé, àwọ̀ ẹ̀ á padà, á tún fún un. Dókítà kan tó ń jẹ́ Pringle ní Glasgow ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1908, òun náà la ṣì ń lò. Ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun náà ò ní jẹ́ kí omi ara ẹ̀ pọ̀ jù lásìkò yẹn, torí tí iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ bá kún, ibi tí wọ́n ń gé á máa tú ẹ̀jẹ̀ sí wa lójú ni.

Tí wọ́n bá ṣe é tán wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ẹ̀. Ẹ máa wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Tó bá pupa foo, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì. Tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí ó pọ́n rúsúrúsú, òróòro ló ń jò, ìyẹn kì í sábà pa èèyàn tí wọ́n bá tètè rí i, ó kàn máa ń fi kún iye ọjọ́ tó máa lò ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ karùn-ún ni àwọn dókítà máa ń fojú sí jù, tí bilirubin bá ti ń wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dì dáadáa, ọkàn wọn á balẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ tó kù ti gba iṣẹ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì.

Alágbo Ìsìkàn:

Gbogbo ìgbà lẹ̀yin òyìnbó dúdú máa ń bẹnu àtẹ́ lu ohun ìbílẹ̀. Àwọn bàbá wa ò ní CT, wọn ò sì kú tán. Egbòogi wà tó ń fọ ẹ̀dọ̀, mo ní i lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó wá mi rí l'Ọ́jà Ọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Ọ̀dọ́ Dókítà Ọ̀wọ̀:

Bàbá, a kí yín o. Mi ò ní bá yín jà, mo kàn fẹ́ bi yín pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ṣé ẹ máa ń ní kí wọ́n lọ tún skáànì yà? Torí kókó 4 cm kì í dúró de ẹnì kankan, mo ti rí èyí tó lọ́po méjì láàrin oṣù díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ Òkè-Àró, àgbo tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti mu, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Àwọn egbòogi míì wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra wọn, àwọn míì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì gbọ́dọ̀ dá a dúró kó tó di ọjọ́ iṣẹ́. Paraga náà ń kọ́, ọtí pọ́ńbélé ni wọ́n po egbò mọ́, ẹ̀dọ̀ ò mọ̀ pé egbòogi lẹ pè é.

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, ó ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀ ń bèèrè pé ṣé èèyàn máa ń pẹ́. Láàrin àwọn tí wọ́n yàn dáadáa, ìyẹn kókó kan, ẹ̀dọ̀ tó ṣì lágbára, kò wọ iṣan, ó tó ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń wà láyé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, àrùn yìí máa ń padà wá. Nínú ọdún márùn-ún yẹn náà, ó lè tó àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tó máa rí kókó míì lára ẹ̀dọ̀ tó kù, torí ohun tó fa àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà o, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ tán, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pa màlúù, wọn ò ní padà wá mọ́. Hepatitis B yẹn gbọ́dọ̀ di oògùn ojoojúmọ́, tenofovir tàbí entecavir, kì í pa kòkòrò yẹn tán àmọ́ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń dín ìpadàbọ̀ jẹjẹrẹ kù. Lẹ́yìn náà skáànì àti AFP, lemọ́lemọ́ ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá tètè rí èyí tó padà wá nígbà tí kò tíì tó 3 cm, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gígùn kan jó o láti ìta láìla ikùn, tàbí kí wọ́n tún gé e. Èyí tí kò bá ṣeé gé mọ́ náà, wọ́n lè dí iṣan tó ń bọ́ ọ, tàbí kí wọ́n lo oògùn oníhóró bíi sorafenib tó ti wà láti 2007, àmọ́ ìyẹn kàn ń fi oṣù kún oṣù ni, owó ẹ̀ sì ń dun èèyàn.

Ohun kan tún wà, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ẹ bi í pé kí nìdí. Tí CT tí wọ́n fi oògùn yà bá fi hàn pé kókó náà tètè ń mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀ tó yí i ká, tó sì tún tètè ń ṣú, lára ẹni tó ti ní sìróósì tàbí hepatitis B ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn sábà máa ń tó láti mọ̀ pé òun ni, abẹ́rẹ́ yẹn lè fa ẹ̀jẹ̀ tàbí kó gbé jẹjẹrẹ bá ojú ọ̀nà tó gbà.

Ìyàwó Ọ̀gá, Oǹdó:

Mo ka gbogbo ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ nípa Íńdíà torí ibẹ̀ la lọ. Ọkọ mi ò ní kókó o, sìróósì ni tiẹ̀, ó ti dé C, omi ikùn tí wọ́n bá fà á lónìí á tún kún, ó ti pọ ẹ̀jẹ̀, ó tún wá di pé ó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan lóru. Fún irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gé, ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ló fún un ní apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ó súnmọ́ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀dọ̀ èèyàn. Ọkọ mi ń jẹ iyán báyìí, ó ti padà sí oko kòkó ẹ̀, mo dúpẹ́.

Àmọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kàn gbé e lọ Íńdíà, ẹ bi í pé ta ló fẹ́ fi ẹ̀dọ̀ tọrẹ. Wọn kì í tà á lọ́jà. Òfin wọn láti 1994 ni pé ìbátan tó sún mọ́ni ni, ìgbìmọ̀ kan máa pè yín jókòó, ẹ ó mú ìwé ìbí, fọ́tò ìdílé, ìwé ilé ẹjọ́, wọ́n á máa bi àbúrò pé ṣé wọ́n fipá mú ọ, ṣé wọ́n fún ọ lówó. Ẹ̀jẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ̀dọ̀ onítọrẹ ò gbọ́dọ̀ lọ́ràá jù, kò gbọ́dọ̀ ní hepatitis. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe fún onítọrẹ náà o, ara ẹ̀ yá gágá ló wọlé. Dókítà sọ fún wa lójú ẹ̀ pé nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn tó bá fi apá ọ̀tún sílẹ̀, méjì sí márùn-ún lè kú. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ, wọ́n dìde kúrò níbẹ̀, ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni kò ní dìde?

Owó tí a ná ò kéré, ilẹ̀ méjì ló lọ, síbẹ̀ owó tíátà nìkan kọ́ ni owó. Tacrolimus tó ń mu kí ara má bàa kọ ẹ̀dọ̀ àlejò yẹn, títí ayé ni, bí náírà ṣe ń já ni owó ẹ̀ ń gòkè, tí ó bá pàdánù ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ẹni tí kò bá ti ronú ìyẹn kó má ta ilẹ̀.

Ọ̀dọ́ Dókítà Ọ̀wọ̀:

Ẹ ṣeun mà, ọ̀rọ̀ yín tẹ̀wọ̀n. Láti 1996 tí àwọn dókítà kan ní Milan ní Ítálì ti gbé òṣùwọ̀n wọn jáde ni wọ́n ti ń lò ó láti mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí ìpààrọ̀ lè ṣe láǹfààní: kókó kan tí kò ju 5 cm lọ, tàbí mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 3 cm lọ, kò sì wọ iṣan, kò jáde lọ sí ibòmíì. Nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn, bí 75 nínú 100 ló wà láyé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. 4.2 cm ti ẹ̀gbọ́n ẹ bọ́ sí i, torí náà ẹni tó wà l'Ékòó yẹn ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o, ìpààrọ̀ máa ń kó kókó àti ẹ̀dọ̀ tó bí i lọ pa pọ̀. Ibi tí èmi ti yàtọ̀ sí i ni pé tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ bá ṣì wà ní A, gígé ló kọ́kọ́ yẹ, ó súnmọ́ ilé, kò fi ẹlòmíì sínú ewu, kò sì dí ọ̀nà ìpààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró lórí àwọn tẹ́ẹ̀sì yẹn. Kọ wọ́n síbí tó o bá ní wọn.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Nǹkan bí 8 nínú 100 ló ní hepatitis B nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ọ̀pọ̀ tó sì ní i nílẹ̀ wa, látìgbà ìbí tàbí ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré ni, lọ́wọ́ ìyá tàbí láàrin ọmọ sí ọmọ. Ó máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára ẹni ogójì ọdún tí kò mutí rí. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà ń dá kún un, májèlé kan wà nínú èéhù yẹn tó jẹ́ pé tó bá pàdé hepatitis B lára ẹnì kan, wọ́n á jọ ba nǹkan jẹ́ ju kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà lọ. Ẹ̀pà tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù, ẹ má sọ pé owó ló rà á.

Ọmọ Òkè-Àró:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere, mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá, títí kan ti ìyá tó dìde yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti dákẹ́.

Èsì ẹ̀ nìyí bí wọ́n ṣe kọ ọ́: albumin 38, bilirubin 17, INR 1.1, platelet 162, skáànì ní kò sí omi níkùn. Ọpọlọ ẹ̀ pé, ó ṣì ń ṣírò owó pákó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lórí fóònù láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti kọ lẹ́tà fún wa lọ ọsibítù ńlá kan n'Íbàdàn níbi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀dọ̀.

A lọ yẹ ara wa wò náà. Àwa mẹ́rin tó kù, èmi àti àbúrò mi obìnrin ní i. Màmá náà ní i. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù wọ́n ń sunkún pé àwọn làwọn fún wa. Mi ò mọ ohun tí màá sọ.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:

Pẹ̀lẹ́ o. Sọ fún màmá pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn rárá, ìgbà tí wọ́n bí yín kò sí abẹ́rẹ́ fún ọmọ tuntun, wọ́n ò sì mọ̀ pé àwọn ní i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ìyá tiwọn náà ni wọ́n ti kó o. Ìwọ àti àbúrò ẹ, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti dé o. Ẹ ṣe viral load (iye kòkòrò yẹn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) àti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀, dókítà á sọ bóyá oògùn ti kàn yín, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló ń lo oògùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ skáànì àti AFP lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín lára. Ìyàwó ẹ àti àwọn ọmọ, àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, ẹni tí kò bá ní i kó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta: òní, oṣù kan sí i, oṣù mẹ́fà sí òní. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, kò sí ohun tó ń ṣe ìyẹn. Abẹ́ ìfárí àti búrọ́ọ̀ṣì eyín ni kí oníkálukú ní tiẹ̀.

Ọ̀dọ́ Dókítà Ọ̀wọ̀:

Èsì yẹn dára gan-an. Nínú máàkì márùn-ún yẹn, ó gba èyí tó dára jù nínú gbogbo ẹ̀, A ni, platelet ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà ò lọ sílẹ̀, ìyẹn ń fi hàn pé agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun wọ ẹ̀dọ̀ ò tíì ga jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tèmi ni, màá ní kó lọ gé e.

Tẹ́ ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù, ó yẹ kó ní nọ́ńbà kan lọ́wọ́ tó ti wọ̀n láti inú CT. Ẹ bi í pé irú iṣẹ́ yìí mélòó ni òun ń ṣe lọ́dún, kò yẹ kó bínú sí i, tó bá bínú ìyẹn náà ti sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì ICU (wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe) máa wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kó má jẹ́ pé wọ́n ń wá a lẹ́yìn tí wọ́n ti là á tán. Kó bẹ̀rẹ̀ tenofovir nísinsìnyí tí wọn ò bá tíì fún un, kó má dúró de ẹ̀yìn iṣẹ́. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, kó máa jẹ wọ́n, ẹni tí wọ́n fẹ́ gé kì í gbààwẹ̀, ẹ sọ fún pásítọ̀.

Ọmọ Òkè-Àró:

Wọ́n ti gbà á ní wọ́ọ̀dù n'Íbàdàn, wọ́n ní wọ́n máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fún wa ni 64 nínú 100 tó máa ṣẹ́ kù. Ẹ̀jẹ̀ ló wá kù, wọ́n ní ká wá páìǹtì mẹ́rin sílẹ̀, O positive ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti àbúrò mi ò sì lè fún un mọ́ nítorí ohun tí a rí yìí, àwọn méjì tó kù nínú wa, ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ rírù, ọ̀kan ń fọ́mọ lọ́mú.

Alákọ̀wé Bódìjà:

Ọmọ Ìdànrè ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, O positive ni mí, mo ti fún èèyàn lẹ́jẹ̀ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì níbi iṣẹ́ náà ṣe tán. Fi nọ́ńbà wọ́ọ̀dù àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, a ó wá láàárọ̀ kí a tó wọṣẹ́.